Kí A Tó Tún Fọwọ́ Sí Ìwé Owó: Ọ̀rọ̀ Lórí Laptop Tí A Ń Rà Fún Àwọn Ọmọ Wa

Ọ̀rọ̀ tí alága ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ọdọọdún, Madina, Accra

   

Lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ owó ìsìnkú, owó ìsọmọlórúkọ àti ilé ìpàdé ni alága máa ń sọ. Lọ́dún yìí, ìgbìmọ̀ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí laptop. Àwọn kan rẹ́rìn-ín nígbà tí akọ̀wé ka á sétí wọn. A ò bínú. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ìwé akápò. Nínú owó tí ẹgbẹ́ yìí ná lórí ẹ̀kọ́ ọmọ láti ọdún mẹ́ta wá, lẹ́yìn owó ilé ìwé, laptop ló gba owó jù. Òun náà ló sì kó ìtìjú bá wa jù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, a ra laptop méje fún ọmọ méje tó wà nílé ẹ̀kọ́ gíga. Tuntun ni wọ́n, nínú páálí, wọ́n fẹ́lẹ́, wọ́n ń dán bíi fàdákà. Àwọn òbí kan ti sọ pé ọmọ àwọn ò ní gbé àlòkù wọ Legon kí ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́. A fẹ́ tẹ́ wọn lọ́rùn. Owó tuntun náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ti àlòkù tó dára lọ, èyí tó yẹ kó ti kọ́kọ́ fu wá lára. Àwa la fọwọ́ sí ìwé owó náà. Àwa tí a ti ń ta laptop àlòkù ní Circle láti ọdún 2003, àwa tó yẹ kí a mọ̀, a ò tú ọ̀kan ṣoṣo wò nínú méje. Kí ọdún kejì tó parí, mẹ́rin ti kú. Bátìrì ọ̀kan wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi, ó sì ti ike ìsàlẹ̀ jáde. Méjì, híńjì wọn, ibi tí ojú rẹ̀ ti ń ṣí bí ilẹ̀kùn, ló ya kúrò lára ike. Ìkẹrin, ife tíì kan ló dà sí i.

Ìyá ọmọ tí tíì dà sí tirẹ̀ wá sílé wa lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tó ń ta gàrí ní ọjà Madina ni, a ò ní dárúkọ. Ó jókòó, kò mu omi tí wọ́n gbé fún un. Ó ní, “Alága, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yìí ní iṣẹ́ tó máa fi gboyè jáde wà nínú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ yẹn bá kú, kó kú. Iṣẹ́ ọmọ mi ni kí ẹ bá mi yọ.”

A ní, “Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí bọ́ọ̀dù rẹ̀ bá tilẹ̀ jó, a óò yọ hard disk, a óò gbé e sínú òmíràn, iṣẹ́ rẹ̀ á jáde.”

Ohun tí a ti ń ṣe láti ogún ọdún ni, ìdí nìyẹn tí ẹnu wa fi le. Lọ́jọ́ kejì a tú u. Kò sí hard disk níbẹ̀. Ibi tí ó ń kó nǹkan pamọ́ sí, ẹyọ dúdú kékeré kan tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ ni, wọ́n ti fi òjé lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù láti ilé iṣẹ́ wá. Ìrántí rẹ̀, bákan náà. Bátìrì rẹ̀, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Bọ́ọ̀dù kú, iṣẹ́ ọmọ sì bá a lọ. Ọmọ náà tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì fi sẹ́mẹ́sítà kan pẹ́ lẹ́yìn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò bá wa jà. Ó ṣì ń kí wa lọ́jà, ó ṣì ń bu èènì gàrí fún ìyàwó wa. Ìyẹn gan-an ló ń dùn wá.

Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ sọ bí laptop ṣe yí padà lójú wa, kí a tó tún fọwọ́ sí ìwé owó mìíràn.

Àwọn àgbà tó wà níbí á rántí ọdún 1969. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún náà, ìjọba Dókítà Busia pàṣẹ pé kí àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yìn ìyá wa ni a wà nígbà náà, a ò mọ nǹkan kan. Ẹrù tí ìyá wa rí gbé kò ju ìdì aṣọ méjì àti orí ẹ̀rọ ìránṣọ Singer kan. Wọ́n gbé e dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀rọ náà ni wọ́n fi ránṣọ tí wọ́n fi tọ́ wa. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ọdún 1998 tí àwa náà padà wá sí Ghana. Kì í ṣe pé kì í bàjẹ́ o, ó ń bàjẹ́ dáadáa. Bó bá ti bàjẹ́, bàbá kan á fi síkúrù-díráfà tú u lójú wa, á ta epo sí i, á pààrọ̀ ohun tó ti jẹ, á dè é padà, a ó sì gbé e lọ sílé. Láti kékeré, ohun tí a mọ̀ sí ojúlówó ni ohun tí a lè tú, kí a sì dè padà. Nígbà tí a dé ìdí laptop, ojú yẹn náà la fi ń wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a ya oríṣi méjì sọ́tọ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn òbí ti ń ṣe àṣìṣe. Laptop kan wà tí wọ́n ṣe fún ilé, tí wọ́n tò sórí pẹpẹ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá. Òmíràn wà tí wọ́n ṣe fún iléeṣẹ́, tí báńkì, ìjọba àti iléeṣẹ́ ńlá máa ń rà ní ẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. ThinkPad wà níbẹ̀, Latitude ti Dell wà níbẹ̀, EliteBook ti HP wà níbẹ̀. Ẹni tó ra ẹgbẹ̀rún kan ní òṣìṣẹ́ tirẹ̀ tó ń tún un ṣe, kò sì ní gbà kí wọ́n ta ohun tí kò ṣeé ṣí fún òun. Nítorí náà, wọ́n máa ń fi síkúrù dè é, wọ́n ń tọ́jú ẹ̀yà ara rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, wọ́n sì ń tẹ ìwé àtúnṣe rẹ̀ jáde tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé náà máa ń sọ síkúrù tí a ó kọ́kọ́ yọ, bó ṣe gùn tó, àti èyí tó tẹ̀ lé e. Àwa tí ẹ ń wò yìí, ìwé mẹ́fà ni a kà. Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń bá mánéjà báńkì sọ̀rọ̀, inú ìwé àtúnṣe ThinkPad ni a ti kọ́ ọ, pẹ̀lú dikiṣọ́nárì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, iléeṣẹ́ òyìnbó á pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Àwọn oníṣòwò á rà á lókìtì, wọ́n á kó o sínú kọ̀ǹténà, á sọ̀ kalẹ̀ ní Tema. Èyí ni àwọn ará ibí ń pè ní home used, tí àwa ń pè ní tòkunbọ̀. Ti Èkó máa ń dé Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà, tiwa máa ń dé Circle. Nítorí náà, ohunkóhun tí àwọn tó ń ṣe laptop bá yí padà lónìí, nǹkan bí ọdún mẹ́rin sí i ló máa tó kàn wá.

IBM ló mú ThinkPad 700C jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1992. Richard Sapper, ọmọ Jámánì, ló ronú bó ṣe máa rí: dúdú, onígun mẹ́rin, bí àpótí oúnjẹ àwọn ará Japan, tí ẹnìkan kò ní mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àfi bó bá ṣí i. Bọ́tìnnì pupa kékeré kan wà láàárín kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ tí wọ́n fi ń darí rẹ̀. Ó tó kílò mẹ́ta, owó rẹ̀ sì ju 4,000 dọ́là lọ. Ìyẹn ò dé ọwọ́ wa. Àwọn T20 la bá nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà T40 àti T42. Ẹ ò mọ bí inú ọmọ iṣẹ́ ṣe ń dùn sí T40. Síkúrù kan ṣoṣo lẹ ó yọ, hard disk rẹ̀ á yọ jáde láti ẹ̀gbẹ́ bí ẹní fa dúrọ́ọ̀ tábìlì. Bátìrì, ẹ ó ti ìdè rẹ̀ sí apá kan, ó ti bọ́ sí yín lọ́wọ́. Nínú àwọn tó tẹ̀ lé e, wọ́n tilẹ̀ la ojú ihò sábẹ́ kíbọ́ọ̀dù kí omi tó bá dà sí i lè gba ibẹ̀ sàn jáde sílẹ̀. Bí a bá ti rántí ife tíì ọmọ yẹn, ojú ihò yẹn la máa ń rántí.

Nígbà tí IBM ta iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún Lenovo ti China, tí ọ̀rọ̀ náà parí ní oṣù karùn-ún ọdún 2005, àwọn oníbàárà wa ní ThinkPad ti kú. Wọn ò fẹ́ rí orúkọ China lára rẹ̀. A sọ fún wọn nígbà náà, a tún ń sọ ọ́ báyìí: kò kú. Àwọn tó tẹ̀ lé e títí dé T420 ti ọdún 2011, ẹ jẹ́ ká fi síkúrù-díráfà búra, kò sí èyí tí ọmọ iṣẹ́ wa kò lè tú ká sórí tábìlì láàárín wákàtí kan. Nítorí náà, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe é kọ́ ló yẹ ká máa bi oníṣòwò.

Ṣùgbọ́n a ò gbọ́dọ̀ máa fi àtijọ́ purọ́. Ní ọdún 2006, Dell pe bátìrì laptop tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin padà nítorí pé àwọn tó wà nínú rẹ̀, tí Sony ṣe, lè gbiná. Ní ọdún 2008, Nvidia jẹ́wọ́ pé àwọn ẹyọ tí òun ṣe fún laptop, èyí tó ń gbé àwòrán sójú rẹ̀, ń kú láìtọ́jọ́, ó sì ya owó tó tó 150 sí 200 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ fún àtúnṣe. Àwa náà jẹ nínú ìyà yẹn ní Circle. Ẹ ó ta laptop fún ènìyàn lọ́jọ́ Ajé, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn lọ́jọ́ Ẹtì, ẹni náà á sì gbà pé ọlọ́ṣà ni yín. Àwọn laptop yẹn nípọn, wọ́n wúwo, ṣùgbọ́n bátìrì tó lè gbiná àti ẹyọ tó ń kú kò mọ̀ pé ara wọn nípọn.

Ìgbà wo wá ni ó yí padà? Ní oṣù kìíní ọdún 2008, Steve Jobs ti Apple fa laptop kan jáde nínú àpòòwé lójú gbogbo ayé. Láti ọjọ́ náà, ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wọ ojú ènìyàn. Ní ọdún 2011, Intel ń ti gbogbo iléeṣẹ́ láti ṣe irú rẹ̀. Ní ọdún 2012, ThinkPad náà bí X1 Carbon, èyí tí wọ́n fi òjé lẹ ìrántí rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá rà á pẹ̀lú 4, 4 náà lẹ ó fi dàgbà.

Lọ́dún 2012 yẹn náà ni wọ́n pààrọ̀ kíbọ́ọ̀dù ThinkPad. Ìlà méje tí a mọ̀ di mẹ́fà, àwọn bọ́tìnnì di pẹlẹbẹ, wọ́n ya ara wọn sọ́tọ̀ bí eyín ọmọ ọdún méje. Ariwo pọ̀. Àwọn akọ̀wé tó ti ń tẹ̀ ẹ́ láìwojú rẹ̀ ní àwọn ò rí ibi tí bọ́tìnnì kan wà mọ́. Ní ti tòótọ́, ó mọ́ wa lára láàárín oṣù mẹ́ta, a ò sì tíì gbọ́ pé ọmọ kan fìdí rẹmi nítorí ìlà kíbọ́ọ̀dù. Èyí tó ká wa lára ni ti 2013, nígbà tí wọ́n yọ àwọn bọ́tìnnì mẹ́ta tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì pupa kúrò lára T440, tí gbogbo ibẹ̀ di pátákó kan ṣoṣo tó ń mì tìtì. Àwọn tó ń rà á ní ẹgbẹ̀rún ní àwọn ò fẹ́ ẹ. Ní ọdún 2015, T450 dé, bọ́tìnnì mẹ́ta sì ti padà sí àyè wọn. Ní ọdún 2017, nígbà tí ThinkPad pé ọdún 25, Lenovo tún ṣe ẹ̀dà kan tó ní kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ láti fi tu àwọn arúgbó nínú. Ẹ wò ó, ẹni tó ń rà lè sọ̀rọ̀, kí ẹni tó ń ṣe é sì gbọ́. Àwa tí a ń ra àlòkù ni kò sẹ́ni tó ń gbọ́ tiwa, nítorí owó wa kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ sórí T480 ti ọdún 2018, nítorí bí a bá ní kí a yan ẹyọ kan fún ọmọ ẹgbẹ́, òun la máa yàn. Bátìrì méjì ló ní, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ti ẹ̀yìn yìí, ẹ lè yọ ọ́ kí ẹ sì fi òmíràn sí i láìpa ẹ̀rọ náà, nítorí ti inú á gbé e dúró. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Accra ní ọdún 2015, ẹ ò gbàgbé dumsor. Wákàtí 24 láìsí iná, iná á wá fún wákàtí 12, ó tún ti lọ. Irú ètò bátìrì méjì yìí ti wà lára T440 àti T450 nígbà náà. Àwọn ọmọ tó ní in máa ń ra bátìrì ẹ̀yìn méjì sí mẹ́ta, wọ́n á gbà wọ́n lẹ́nu iná nígbà tó bá wà, wọ́n á sì fi kàwé mọ́jú. Ìrántí T480, àyè méjì ló ní fún un, tí a lè fi kún. Hard disk rẹ̀ ń yọ. Kílò kan àti díẹ̀ ló wúwo. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 2019, T490 jáde. Bátìrì ẹ̀yìn ti lọ. Ìdajì ìrántí ti lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, àyè kan ṣoṣo ló kù. Ó fi díẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nítorí díẹ̀ yẹn!

Ẹ máa bi wá pé ṣé òmùgọ̀ ni àwọn tó ń ṣe é ni. Rárá. Àwa náà ti gbé laptop kílò mẹ́ta láti Circle dé Madina nínú tírótíró tí wọ́n ti rún wa mọ́ra, a mọ ohun tí èjìká ń sọ. Ọmọbìnrin tó ń gbé ìwé, omi àti laptop láti Adenta lọ sí Legon lójoojúmọ́ ní ẹ̀tọ́ sí èyí tó fúyẹ́. Irú ìrántí kan sì wà tí kì í jẹ iná púpọ̀, tó jẹ́ pé títí di ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àfi kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù pẹ́kípẹ́kí kó tó lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bátìrì ń pẹ́. Òyìnbó tó máa lò ó fún ọdún mẹ́ta péré, tí iléeṣẹ́ rẹ̀ á gbà á padà, kò pàdánù nǹkan kan. Àwa tí a ń gbà á ní ọdún kẹrin rẹ̀, tí a fẹ́ kó tún lo mẹ́rin sí i, àwa ni gọ́ọ̀mù yẹn ń dúró dè.

Ohun mìíràn tún wà tó ń dààmú wa báyìí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft parí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tó ń ṣe fún Windows 10. Windows 11 kì í sì í gba àwọn laptop tí ọpọlọ wọn ti dàgbà jù. Ti Intel, ìran kẹjọ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, èyí tó wọ laptop iléeṣẹ́ ní nǹkan bí ọdún 2018. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyí: ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i5 tàbí i7. Bó bá jẹ́ 6300 tàbí 7200, kò wọlé. Bó bá jẹ́ 8250 tàbí 8350, ó wọlé. T420 tí a fẹ́ràn yẹn, ó dáa fún ẹni tó bá gbà láti lo Linux, ọ̀fẹ́ sì ni, ṣùgbọ́n a ò ní fún ọmọ tí ilé ìwé rẹ̀ ń béèrè Windows. Àwọn oníṣòwò kan ti ń ta irú wọn ní ẹ̀dínwó ńlá fún àwọn òbí láìsọ ìdí rẹ̀. Àwa náà ní díẹ̀ lórí pẹpẹ wa, a sì ti kọ ọ́ sára wọn.

Nítorí náà, ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún wa kò fẹ̀. Láti ìsàlẹ̀, Windows ń tì wá sókè dé 2018. Láti òkè, gọ́ọ̀mù àti òjé ń tì wá sísàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 2019. Àwọn tó wà láàárín ni T480, Latitude 5490 ti Dell àti EliteBook 840 G5 ti HP. Àwọn méjì ìkẹyìn yìí, inú ni bátìrì wọn wà, ṣùgbọ́n síkúrù ni wọ́n fi dè é, ìrántí wọn ní àyè méjì, hard disk wọn sì ń yọ. Láàárín àwọn tó jáde lẹ́yìn náà, a rí èyí tó dára, a rí èyí tí kò dára, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń jẹ́. Kí ẹni tó fẹ́ rà á ka ìwé àtúnṣe rẹ̀ kó tó sanwó. Bí ẹnikẹ́ni bá ní wọ́n ti fi ìdánwò àwọn ológun Amẹ́ríkà dán an wò, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ṣe é náà ló máa ń ṣètò ìdánwò náà, ìdánwò yẹn kò sì sọ bóyá a lè pààrọ̀ bátìrì.

Ibo ni èyí tí a kò lè tún ṣe ń lọ? Ẹ mọ Agbogbloshie. Àwọn ọmọ kéékèèké máa ń jó wáyà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ láti fi yọ bàbà, èéfín dúdú á sì bo gbogbo àdúgbò. Ìjọba wó ibẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2021, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò kú, ó kàn fọ́n káàkiri ni. Òfin 917 ti ọdún 2016 wà lórí ìdọ̀tí irú rẹ̀. Bátìrì tó wú yẹn, a ò jù ú sẹ́yìnkùlé, a ò sì jẹ́ kí ọmọ fi nǹkan gún un. Ó ń gbiná. Ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, a mọ ibi tí a ń kó o lọ.

Ìròyìn tó dára díẹ̀ wà. Òfin tuntun àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n ṣe ní ọdún 2023 sọ pé láti ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 2027, ẹni tó ni irú ẹ̀rọ báyìí gbọ́dọ̀ lè yọ bátìrì rẹ̀ fúnra rẹ̀ kó sì fi òmíràn sí i. Lenovo náà ti ń padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní ọdún 2024, àwọn iFixit ní Amẹ́ríkà, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti tú nǹkan kí wọ́n sì fún un ní máàkì, fún ThinkPad T14 ìran karùn-ún ní 9 nínú 10. Àyè méjì fún ìrántí ti padà sínú rẹ̀. Bí a bá ka ọdún mẹ́rin, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ní Tema ní nǹkan bí ọdún 2028. Àwọn ọmọ tó wà ní JHS báyìí ló máa jàǹfààní rẹ̀. Àwọn tó máa wọ yunifásítì lọ́dún yìí àti lọ́dún tó ń bọ̀ ló yẹ kí a ṣọ́ra fún.

A mọ ohun tí àwọn kan ń rò. Wọ́n ní alága ń polówó ọjà rẹ̀. Ẹ tọ̀nà láti rò bẹ́ẹ̀, owó gbogbo wa ni. Nítorí náà, a ti sọ fún ìgbìmọ̀ pé ẹgbẹ́ kò ní ra laptop kankan lọ́wọ́ wa tàbí lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ wa níwọ̀n ìgbà tí a bá wà lórí àga yìí. Kí akápò àti ìyá ìyálọ́jà lọ rà á níbòmíràn. Bí wọ́n bá fẹ́ kí a tẹ̀ lé wọn, a óò gbé síkúrù-díráfà dání, a ò ní gba kọ́bọ̀.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ jẹ́ kí a ra àlòkù ti iléeṣẹ́ fún àwọn ọmọ mẹ́sàn-án tó wà nínú ìwé báyìí. Kí oníṣòwò tú ìdí rẹ̀ lójú wa kí a tó sanwó. Bó bá kọ̀ láti tú u, kí a máa lọ. Kí a wo bóyá ìrántí àti hard disk ń yọ. Kí a ṣí ojú rẹ̀, kí a tì í, kí a gbọ́ ohùn híńjì. Kí a pa ṣájà, kí a jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan lórí bátìrì nìkan, àwa á jókòó tì í, a ti jókòó sí ibi tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú oòrùn Circle. Owó tó bá ṣẹ́ kù lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí a fi ra bátìrì kejì àti flash kan fún ọmọ, kó máa da iṣẹ́ rẹ̀ kọ síbẹ̀ lálaalẹ́. Ìyẹn nìkan ì bá ti gba ọmọ ìyá oní-gàrí là, a ò sì sọ fún un nígbà yẹn. Ẹ̀bi wa ni.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń bẹ̀rù yẹ̀yẹ́, ohun tó bo òkè laptop dúdú yẹn ni ike àti irin fúyẹ́fúyẹ́. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún, ẹ lẹ sítíkà tó wu ọmọ mọ́ ọn. Aṣọ tí gbogbo wa wọ̀ wá sí ìpàdé yìí, ẹ jẹ́ kí a dákẹ́, a mọ iye tó jẹ́ obroni wawu níbẹ̀.

Ìgbìmọ̀ á jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ní èrò mìíràn, kó wá sọ ọ́ níbẹ̀, kó má ṣe sọ ọ́ lójú títì. Àwọn òbí mẹ́rin tí laptop ọmọ wọn kú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó wọn wá fún akọ̀wé, àti ṣájà wọn. Ojú méjì nínú wọn ṣì dára, a rò pé a lè yọ wọ́n lò fún ẹlòmíràn. Ìyá wa oní-gàrí, tiyín ni a kọ́kọ́ kọ sórí ìwé tuntun. Ọmọ yín ti gboyè, a gbọ́, ẹ kú oríire. Àbúrò rẹ̀ ni a kọ orúkọ rẹ̀ sí i.